Pọ́íǹtì Márùn-ún

"Bá mi pa fáànù yẹn ná."

Oṣù kẹta ọdún ni, ooru Èkó sì ti débi tí ènìyàn ń wẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta lójúmọ́. Iná ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ni, lẹ́yìn ọjọ́ méjì gbáko. Fáànù àjà tó wà nínú yàrá Ẹ̀gbọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yí bọ̀ ni, mo ti ṣí bọ́tìnnì mẹ́ta lára ẹ̀wù mi, mo ti gbé àgbọ̀n sókè kí atẹ́gùn lè fẹ́ sí mi lọ́rùn, ni wọ́n bá ní kí n pa á. Mo pa á. Wọ́n fi ìka méjì mú bọ́ọ̀lù oníyẹ̀ẹ́ kan nínú agolo tó wà lẹ́bàá ẹsẹ̀ wọn, èyí tí àwa tó ń gbá badminton ń pè ní ṣọ́tùlù. Wọ́n gbé e dé ìwọ̀n etí, wọ́n dúró kí fáànù yí èyí tó kù tán, wọ́n wá jù ú sílẹ̀. Ó já wálẹ̀ tààrà. Orí ló fi sọlẹ̀, kò yà sọ́tùn-ún, kò yà sósì.

"Ó ti dáa," Ẹ̀gbọ́n wí. "Jókòó."

Bí wọ́n ṣe máa ń ṣe nìyẹn bí wọ́n bá fẹ́ sọ ìtàn pọ́íǹtì márùn-ún. Ó ti ń lọ sí ogójì ọdún báyìí tí wọ́n ti gba àwọn pọ́íǹtì náà, nínú ìdíje kan lókè òkun, nínú aṣọ aláwọ̀ ewé àti funfun. Ẹni tó nà wọ́n lọ́jọ́ náà nà wọ́n ní 15–3, 15–2. Wọ́n ní kí n má kọ orúkọ ìdíje náà, kí n má sì kọ orúkọ ẹni tó nà wọ́n, nítorí kì í ṣe òun ló ni ìtàn. Mo gbà. Orúkọ tiwọn náà, wọn ò fẹ́ kí n kọ ọ́. Ẹ̀gbọ́n tí gbogbo àdúgbò ń pè wọ́n ti tó.

Òtò la bí àwa méjèèjì sí, ní ilẹ̀ Olótò, níbi tí orí ilẹ̀ ti ń bá ọ̀sà pàdé. Bí o bá dúró sí ẹ̀yìnkùlé wa nígbà náà, wàá gbọ́ ọkọ̀ ojú irin bó ṣe ń wọ Ìddó, wàá gbọ́ ariwo Ọjà Oyíǹgbò níbi tí màmá mi ti ń ta ẹja gbígbẹ. Bí oòrùn bá sì ti rọ̀, afẹ́fẹ́ ọ̀sà á bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́ wọ àdúgbò. Gbogbo ènìyàn ló ń retí afẹ́fẹ́ yẹn. Àwọn ìyá á gbé àpótí síta, àwọn bàbá á bọ́ ẹ̀wù. Àwa ọmọ mẹ́rin kan nìkan ni kò fẹ́ ẹ rárá. Ẹ̀gbọ́n ti so okùn aṣọ láti òpó iná mọ́ fèrèsé ilé kejì fún wa, wọ́n ti fún wa ní rákẹ́ẹ̀tì onígi méjì tí wọ́n ti lò gbó, wọ́n ti kọ́ wa bí a ṣe ń dì í mú bí ẹni ń bọ ènìyàn lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n bí a bá ti gbá ṣọ́tùlù sókè báyìí, afẹ́fẹ́ á gbà á lọ́wọ́ wa, ó di orí páànù onílé. Màmá ẹnìkan wà tí kì í jẹ́ kí a gun àkàbà lọ mú un. Àṣálẹ́ kan wà tí a gbá ṣọ́tùlù mẹ́ta sórí páànù kan náà, tí Ẹ̀gbọ́n jókòó sórí búlọ́ọ̀kù tí wọ́n kàn ń wo òkè, tí wọn ò sọ̀rọ̀. Owó oṣù wọn ni wọ́n fi ń rà á.

Ohun tó ya eré yìí sọ́tọ̀ nìyẹn ní ìlú bíi tiwa. Bọ́ọ̀lù àfẹsẹ̀gbá, títì tó. Tẹ́níìsì orí tábìlì, ẹ gbé tábìlì síta, ẹ to búlọ́ọ̀kù sáàárín rẹ̀, ó ti parí. Àdúgbò Ṣómólú ni Funke Oshonaike ti kọ́ tiẹ̀ kó tó di pé ó ṣojú Nàìjíríà ní Òlíńpíìkì méje. Badminton kò rí bẹ́ẹ̀. Ilé tó ní òrùlé gíga ló ń fẹ́, ilé tí atẹ́gùn ò lè wọ̀. Ọmọ tálákà tó bá fẹ́ gbá a dójú àmì, ó di dandan kó wá họ́ọ̀lù rí kó tó wá ohunkóhun mìíràn.

Họ́ọ̀lù tiwa wà ní Sùúrùlérè, ní Pápá Ìṣeré Orílẹ̀-èdè tí ìjọba kọ́ nítorí Eré Ìdárayá Gbogbo Ilẹ̀ Áfíríkà ti 1973. Ẹsẹ̀ la fi ń rìn ín. Láti Òtò a ó bọ́ sí Costain, láti Costain a ó gba ẹ̀gbẹ́ Western Avenue, a ó kọjá Alákà, Ẹ̀gbọ́n níwájú pẹ̀lú àpò rákẹ́ẹ̀tì léjìká, àwa lẹ́yìn. Wọn kì í jẹ́ kí a sáré. Wọ́n ní ẹni tó bá sáré dé ibi eré ti gbá tiẹ̀ tán lójú ọ̀nà.

Inú họ́ọ̀lù yẹn ni mo ti mọ ohun tí ooru ń jẹ́. Fáànù wà, ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn án. Fèrèsé wà, títì ni wọ́n ń tì í. Bí ẹnìkan bá ṣílẹ̀kùn wọlé tí kò tètè tì í, gbogbo họ́ọ̀lù á pariwo lẹ́ẹ̀kan náà: "Ilẹ̀kùn o!" Òógùn á máa kán sílẹ̀ tó, tó, tó, a ó máa fi àkísà nu ilẹ̀ kí ẹnìkan má baà yọ̀. Gbogbo ìyà yìí, nítorí ohun kan tí kò wúwo ju ewé ìwé fúláńsíkáàpù kan lọ ni. Òfin eré náà ní ṣọ́tùlù kò gbọ́dọ̀ dín ní gíráàmù 4.74, kò sì gbọ́dọ̀ ju 5.50 lọ. Ìyẹ́ mẹ́rìndínlógún ni wọ́n gún yí kọ́ọ̀kì kékeré kan tí wọ́n fi awọ bò ká, ìyẹ́ pẹ́pẹ́yẹ tàbí ti ìbátan rẹ̀ tó gùn lọ́rùn. Apá kan náà ni gbogbo ìyẹ́ inú ṣọ́tùlù kan sì gbọ́dọ̀ ti wá. Bí wọ́n bá da ti apá òsì pọ̀ mọ́ ti apá ọ̀tún, kò ní yí bó ṣe yẹ lófuurufú. Kò sí nǹkan tó yára tó o nínú gbogbo eré onírákẹ́ẹ̀tì. Ní 2023 wọ́n wọn èyí tí Satwiksairaj Rankireddy, ọmọ Íńdíà, gbá, wọ́n bá a ní kìlómítà 565 ní wákàtí kan. Síbẹ̀, kó tó dé òdìkejì, ìyẹ́ rẹ̀ ti gbá afẹ́fẹ́ mú, eré rẹ̀ ti rọ̀. Á gbéra bí ọta ìbọn, á sì balẹ̀ bí ewé. Mi ò tíì rí ohun mìíràn láyé tó ń ṣe bẹ́ẹ̀, ìdí sì nìyẹn tí mo fi ń bá a lọ láti kékeré.

Bí ọyẹ́ bá dé, ìyẹ́ á gbẹ, á máa kán bí igi ìṣáná. Ẹ̀gbọ́n á gbé omi kaná nínú kẹ́tù, wọ́n á ṣí agolo ṣọ́tùlù, wọ́n á dojú rẹ̀ kọ ooru tó ń jáde lẹ́nu kẹ́tù náà. Wọ́n á ka ení títí dé èjìlá, wọ́n á gbé e kúrò, wọ́n á dé e. Kò gbọ́dọ̀ pẹ́ jù. Mo ṣì ń gbọ́ òórùn yẹn, ìyẹ́ tútù àti gíláàsì fèrèsé tí ooru bò, nínú yàrá kan ṣoṣo tí ènìyàn márùn-ún ń sùn.

Rákẹ́ẹ̀tì ló fún Ẹ̀gbọ́n níṣẹ́. Láyé ìgbà náà, báńkì, ilé iṣẹ́ ìjọba àtàwọn kọ́ńpìnnì ńlá máa ń ní ẹgbẹ́ eléré ìdárayá tiwọn. Wọ́n á gbà ọ́ ṣe akọ̀wé, wàá kọ̀wé láàárọ̀, wàá gbá eré lọ́sàn-án, wàá sì gbé orúkọ ilé iṣẹ́ lọ sí ìdíje. Ẹ̀gbọ́n ṣe bẹ́ẹ̀ fún ọdún púpọ̀. Nígbà tí owó ìlú bẹ̀rẹ̀ sí í le, ẹgbẹ́ eléré ni ilé iṣẹ́ náà kọ́kọ́ tú ká. Wọ́n pè wọ́n, wọ́n fún wọn ní lẹ́tà kan àti owó oṣù mẹ́ta. Ẹ̀gbọ́n kì í sọ èyí pẹ̀lú ìbínú. Èmi ni mo ń bínú rẹ̀.

Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ni mí nígbà tí wọ́n ti ìrìnàjò òkè òkun yẹn dé. Gbogbo àdúgbò ló jáde. Wọ́n ra bisikíìtì oníke bọ̀ fún àwa ọmọ wọn, wọ́n ra síkáàfù fún màmá mi. Nígbà tí ẹnìkan bèèrè bí eré ṣe lọ sí, wọ́n sọ òótọ́, wọ́n sọ iye rẹ̀ gan-an. Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní, "Pọ́íǹtì márùn-ún péré? Èmi alára á gba márùn-ún." Gbogbo ènìyàn dákẹ́. Màmá mi gbá mi létí. Ẹ̀gbọ́n ní kí wọ́n fi mí sílẹ̀, wọ́n wò mí, wọ́n ní, "Ó ṣeé ṣe kí o gbà á lóòótọ́." Kò sí ẹ̀gàn kankan lóhùn wọn. Ohun tó jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lára títí di òní nìyẹn.

Ẹni tó bá fẹ́ mọ ohun tí 15–3 jẹ́ nígbà náà ní láti mọ òfin àtijọ́. Láti 2006, ẹni tó bá ti jàre rálì kan, ìyẹn ìgbà kan tí bọ́ọ̀lù lọ tó bọ̀ kó tó balẹ̀, ó ti gba pọ́íǹtì, ẹni yòówù tí ì báà sáàfù, ìyẹn ẹni tó kọ́kọ́ gbá bọ́ọ̀lù. Ẹni tó bá kọ́kọ́ dé 21 ló ni géèmù. Láyé Ẹ̀gbọ́n kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tí sáàfù wà lọ́wọ́ rẹ̀ nìkan ló lè gba pọ́íǹtì. Bí ẹnìkejì rẹ bá sáàfù sí ọ, tí o sáré, tí o fò, tí o fi àyà balẹ̀ gbé e, tí o sì jàre, sáàfù nìkan ni wọn yóò gbà fún ọ. Wọn ò ní kọ nǹkan kan. O ní láti tún jàre lẹ́ẹ̀kan sí i, kí wọ́n tó kọ 1 sí ẹ̀gbẹ́ orúkọ rẹ. Bí o bá sì pàdánù èyí, sáàfù ti padà sọ́wọ́ rẹ̀, ìwé ò sì mọ̀ pé ohunkóhun ṣẹlẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n ka tiwọn. Nínú géèmù àkọ́kọ́, ìgbà mọ́kànlá ni wọ́n gba sáàfù lọ́wọ́ ọkùnrin náà. Fi mẹ́ta tí wọ́n kọ sílẹ̀ kún un, rálì mẹ́rìnlá ni wọ́n jàre. Ní géèmù kejì, ìgbà mẹ́sàn-án ni wọ́n gba sáàfù, wọ́n sì gba pọ́íǹtì méjì. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n. Ìgbà mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n ni akọ̀wé kan láti Òtò, tó ń fẹsẹ̀ rìn gba Costain lọ síbi eré, jàre ọ̀kan nínú àwọn tó mọ eré náà jù láyé ọjọ́ yẹn. Ìwé kọ márùn-ún.

Wọ́n kò sọ ìṣirò yìí fún mi lọ́jọ́ tí mo rẹ́rìn-ín. Mo ti lé ní ọgbọ̀n ọdún kí n tó gbọ́ ọ.

Láti ọjọ́ yẹn ni mi ò ti lè ka àkọsílẹ̀ àwọn eléré badminton wa bí mo ṣe ń kà á tẹ́lẹ̀. Barcelona 1992 ni badminton kọ́kọ́ wọ Òlíńpíìkì pẹ̀lú àmì ẹ̀yẹ, Nàìjíríà sì wà níbẹ̀ lọ́dún àkọ́kọ́ yẹn: Tamuno Gibson, Agarawu Tunde, Obiageli Olorunsola. Mélòó nínú wa ló mọ orúkọ wọn? Ọdún yẹn kan náà ni Susi Susanti àti Alan Budikusuma gba góòlù méjì fún Indonéṣíà, àwọn tí orílẹ̀-èdè wọn kọ́kọ́ gbà rí ní Òlíńpíìkì, orúkọ wọn ò sì kúrò lẹ́nu àwọn ènìyàn wọn mọ́. Tiwa padà wálé láìgba àmì ẹ̀yẹ. Grace Daniel lọ sí Beijing ní 2008. Dorcas Ajoke Adesokan lọ sí Tokyo, nínú eré tí kòrónà sún sí 2021, òun pẹ̀lú Godwin Olofua àti Anuoluwapo Opeyori tí wọ́n jọ gbá ẹlẹ́ni méjì. Opeyori tún lọ sí Paris ní 2024, òun nìkan, lẹ́yìn tó ti di ọ̀gá Áfíríkà léraléra. Ẹnikẹ́ni nínú wọn kò mú àmì ẹ̀yẹ Òlíńpíìkì bọ̀, nítorí náà ohun tí àwọn oníròyìn wa kọ fún ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn kò ju ìlà méjì lọ: ó lọ, wọ́n nà án.

Mo mọ ohun tó wà nínú ọ̀rọ̀ kékeré yẹn, "ó lọ." Kí eléré badminton tó wọ Òlíńpíìkì, ipò rẹ̀ lágbàáyé ni wọ́n ń wò, ìdíje láti orílẹ̀-èdè dé orílẹ̀-èdè ló sì ń gbé ipò náà ga. Ọmọ Denmark lè wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí mẹ́ta nínú wọn. Ọmọ Èkó ní láti gba físà, ó ní láti ra tíkẹ́ẹ̀tì bàálù, nígbà mìíràn owó àpò rẹ̀ ló máa fi rà á kí wọ́n tó dá a padà fún un, bí wọ́n bá máa dá a padà. Ó ń bá àwọn tó ń fi ọgọ́rùn-ún ṣọ́tùlù kọ́ṣẹ́ lọ́sẹ̀ kan gbá, òun tó ń fi ooru kẹ́tù sọ méjìlá jí. Sáàfù tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ ayé nìyẹn, léraléra, kó tó di pé ẹnikẹ́ni kọ 1. Bí mo bá gbọ́ tí ẹnìkan ní "wọ́n kàn lọ fìdí rẹmi ni," etí mi máa ń gbóná, ibi tí màmá mi gbá mi gan-an.

Malaysia kò ṣe bẹ́ẹ̀ sí tiwọn. Lee Chong Wei gbá Òlíńpíìkì, fàdákà. Ó gbá òmíràn, fàdákà. Ó gbá ẹlẹ́ẹ̀kẹta, fàdákà. Beijing, London, Rio. Kò gba góòlù rí. Nígbà tí àrùn jẹjẹrẹ imú mú kó fẹ̀yìntì ní 2019, omijé ló fi sọ ọ́ níwájú àwọn oníròyìn, orílẹ̀-èdè rẹ̀ sì bá a sunkún. Àwọn ènìyàn yẹn mọ̀ pé ẹni tó gba ipò kejì lẹ́ẹ̀mẹta ti gun òkè. Mo mọ̀ pé fàdákà mẹ́ta kì í ṣe ẹgbẹ́ pọ́íǹtì márùn-ún. Ohun tí mò ń wí ni pé wọ́n wo eré náà, wọn ò wo ìwé nìkan.

Fẹ̀yìntì. Mo máa ń ro ọ̀rọ̀ yẹn púpọ̀. Ẹni tó fẹ̀yìntì, ó yẹ kí nǹkan kan wà lẹ́yìn rẹ̀ tó fi ẹ̀yìn tì. Olùkọ́ ní owó ìfẹ̀yìntì, bó tilẹ̀ ń pẹ́ kí wọ́n tó san án. Àgbẹ̀ ní oko àti ọmọ. Kí ni eléré badminton ní? Ẹ̀gbọ́n ní ògiri. Òótọ́ ni mò ń sọ o. Wọ́n máa ń jókòó sórí pákó kékeré kan nínú yàrá wọn ní Òtò, wọ́n á fi ẹ̀yìn ti ògiri, níbi kan náà lójoojúmọ́, fún ohun tó lé lógún ọdún, débi pé ẹ̀yìn wọn ti ya àwòrán ara rẹ̀ sára ọ̀dà. Bí wọ́n bá dìde, wàá rí i: èjìká méjèèjì, gbígbòòrò, dúdú, bí ẹnìkan tó ṣì jókòó níbẹ̀.

Iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe níbẹ̀ ni híhun okùn rákẹ́ẹ̀tì. Ẹ̀rọ kékeré kan wà níwájú wọn, onírin, tó ní apá gígùn kan pẹ̀lú ìwọ̀n tó wúwo létí. Wọ́n á de orí rákẹ́ẹ̀tì mọ́ ọn, wọ́n á gé okùn tó tó mítà mẹ́wàá, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ láti àárín, òró ni àkọ́kọ́, wọ́n á fà á, wọ́n á jẹ́ kí ìwọ̀n náà sọ̀ kalẹ̀ fúnra rẹ̀, wọ́n á fi ìdìmú dì í, wọ́n á bọ́ sí ìkejì. Bí wọ́n bá hun gbogbo òró tán, wọ́n á wá fi ti ìbú gba òkè kan, gba ìsàlẹ̀ kan, bí ẹni ń hun ẹní. Pọ́n-ùn mẹ́rìnlélógún ni wọ́n máa ń fa tàwọn ọmọdé sí. Àwọn tó ń lọ ìdíje máa ń fẹ́ kó le jù bẹ́ẹ̀. Bí wọ́n bá ṣe tán, wọ́n á fi èékánná ta á, wọ́n á tẹ́tí. Mo ti rí i tí wọ́n tú odindi rákẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ti hun fún wákàtí kan, nítorí pé ìró rẹ̀ kò dùn mọ́ wọn létí. Ẹni tó ni ín ì bá má mọ̀ láyé. Ní ọjọ́ yẹn mo bi wọ́n pé kí ló dé. Wọ́n ní, "Òun kọ́ ni yóò gbọ́ ọ. Èmi ni."

Ṣọ́tùlù ti ba èjìká ọ̀tún wọn jẹ́. Ìgbà tí wọ́n fi ń gbá a láti òkè orí kò ṣeé kà, eegun sì ti jẹ eegun níbẹ̀. Wọn ò lè gbé apá náà kọjá etí mọ́. Orúnkún wọn náà ń dùn wọ́n bí òjò bá fẹ́ rọ̀. Wọn kì í lọ sí Sùúrùlérè lẹ́sẹ̀ mọ́, kẹ̀kẹ́ màrúwà ni mo máa ń fi gbé wọn dé Costain kí a tó wọ bọ́ọ̀sì.

Àwa méjèèjì jọ lọ wo Lagos International ní Gbọ̀ngàn Molade Okoya-Thomas tó wà ní Pápá Ìṣeré Teslim Balogun, òdìkejì títì sí họ́ọ̀lù àtijọ́ wa. Àwọn eléré láti Íńdíà wà níbẹ̀, láti Yúróòpù wà níbẹ̀, àwọn ọmọ tiwa náà wà níbẹ̀. Ẹ̀gbọ́n wo eré fún wákàtí mẹ́rin, wọn ò mu omi. Ọmọbìnrin wa kan ń gbá, ẹni tí mi ò mọ orúkọ rẹ̀, ó sì ń pàdánù, ó ti di 17–6. Ó sáré lọ síwájú mú bọ́ọ̀lù kan lẹ́bàá néẹ̀tì, ó sáré padà sẹ́yìn mú òmíràn, ó fò, ó tún dìde, títí ọmọ àjòjì náà fi gbá tiẹ̀ síta. 17–7. Àwọn tó yí wa ká ń wo fóònù wọn. Ẹ̀gbọ́n dìde dúró, àwọn nìkan nínú ìjókòó àgbà yẹn, wọ́n ń pàtẹ́wọ́ kíkan kíkan. Ọmọbìnrin náà wo òkè. Mi ò rò pé ó mọ ẹni tí wọ́n jẹ́. Ó fi rákẹ́ẹ̀tì rẹ̀ kí wọn, ó sì padà síbi eré rẹ̀.

Ní oṣù kẹsàn-án 2024, mo gbé fóònù mi lọ bá wọn kí wọ́n wo Mariam Eniola Bolaji, ọmọ Kwara, ní Paris, nínú Paralympics. Idẹ ló gbà. Kò tíì sí ọmọ Áfíríkà kankan tó gba àmì ẹ̀yẹ Paralympics nínú badminton ṣáájú rẹ̀. Mo rò pé Ẹ̀gbọ́n á pariwo. Wọ́n ní kí n dá a padà sẹ́yìn, kí n fi sáàfù rẹ̀ hàn wọ́n. Mo dá a padà. Wọ́n ní kí n tún dá a padà. Ìgbà kẹrin ni mo rí i pé wọ́n ń sunkún.

Lálẹ́ ọjọ́ tí mo pa fáànù, mo ti mọ pọ́íǹtì mẹ́rin àkọ́kọ́ bí ẹni mọ ojú ọ̀nà ilé. Èkíní: wọ́n gbá a lọ sí igun ẹ̀yìn lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n wá rọra tẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ lẹ́yìn néẹ̀tì, ọkùnrin náà kò tilẹ̀ sáré. Èkejì kì í ṣe tiwọn, wọ́n máa ń tẹnu mọ́ ọn, òun ló gbá a síta fúnra rẹ̀, ẹ̀bùn ni. Ẹ̀kẹta gùn tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn èrò fi bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo mọ́ ìró kọ̀ọ̀kan, ẹsẹ̀ ọkùnrin náà sì yọ̀. Ẹ̀kẹrin fara kan okùn néẹ̀tì, ó dúró lórí rẹ̀ bí ẹni ń ronú, ó wá ṣubú sí ọ̀dọ̀ ọkùnrin náà. Ẹ̀gbọ́n gbọ́wọ́ sókè láti fi tọrọ àforíjì. Ẹ̀karùn-ún ni wọn ò tíì sọ fún mi rí. Wọ́n máa ń débẹ̀, wọ́n á ní ó ti tó, ká jẹun.

Lálẹ́ yìí wọ́n sọ ọ́. 13–1 ló wà. Àwọn òṣìṣẹ́ họ́ọ̀lù ti ń ká àga lẹ́yìn. Olùdarí ẹgbẹ́ tiwa ti lọ bá wọn dé àpò. Ẹ̀gbọ́n ní àwọn rí i pé kò sẹ́ni tó ń wo àwọn mọ́ àyàfi ọkùnrin tó wà lódìkejì, ara àwọn sì wá fúyẹ́, bí ìgbà tí àwọn ń gbá a láàárín òpó iná àti fèrèsé. Wọ́n sáàfù rẹ̀ sókè gíga, títí dé ìlà ẹ̀yìn. Ọkùnrin náà dá a padà, ó ga, kò jìn tó. Wọ́n ti rí ibi tí wọ́n máa fi sí.

"Dìde," wọ́n ní. "Dúró síbi ilẹ̀kùn yẹn. Ìwọ ni òun."

Mo dúró síbi ilẹ̀kùn. Òógùn ń ṣàn lẹ́yìn mi. Ẹ̀gbọ́n fọwọ́ ti pákó, wọ́n dìde, àwòrán wọn sì wà lára ògiri lẹ́yìn wọn. Wọ́n mú rákẹ́ẹ̀tì ọmọ kan tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ hun tán, wọ́n fi èékánná ta okùn rẹ̀, wọ́n tẹ́tí. Wọ́n fi ọwọ́ òsì ju ṣọ́tùlù náà sókè. Wọ́n gbé apá ọ̀tún. Ó dé etí, ó dúró. Ṣọ́tùlù ń bọ̀ wálẹ̀, kò sí atẹ́gùn tó lè yà á. Ẹ̀gbọ́n wò ó, wọ́n wo èmi, wọ́n sì ti yí rákẹ́ẹ̀tì náà bọ́ sí ọwọ́ òsì kó tó kọjá àyà wọn, wọ́n gbá a. Ó gba ẹ̀gbẹ́ etí ọ̀tún mi kọjá, ó lu ilẹ̀kùn, mi ò sì tíì gbé ẹsẹ̀.